Àgékù Àdìrẹ, Báńdì Méjìlélógójì, àti Aró Tó Ràn Mọ́ Iwájú Orí Àwọn Ọmọ

Ọjọ́bọ̀ ni, aago kan ọ̀sán ti kọjá díẹ̀, ni tíṣà tó gbé iṣẹ́ wá fún wa pè mí lórí fóònù. Kò tilẹ̀ kí mi tán. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀ kíákíá. Báńdì yín ti ń kun àwọn ọmọ lójú." Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe àwàdà ni. Mo wé gèlè mi, mo kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má fọwọ́ kan aṣọ ìyàwó tó wà lórí maṣíìnì, mo sì bọ́ sórí ọ̀kadà.

Ìmúra Ọjọ́ Àwọn Ọmọdé, ti ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún, ni wọ́n ń ṣe lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ọmọbìnrin méjìlélógójì tò sórí ìlà nínú aṣọ funfun, oòrùn ń pa wọ́n, báńdì àdìrẹ tí a rán láti fi di irun wà lórí gbogbo wọn. Láti ẹnu géètì, inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ìgbà tí mo sún mọ́ wọn ni mo tó rí i. Ìlà aró kan tó fẹ̀ tó ìka ọwọ́ gba iwájú orí ọmọ àkọ́kọ́ kọjá. Ìkejì kò ní nǹkan kan. Ìkẹta, aró. Mo ka mọ́kànlá. Ọ̀kan nínú wọn ti rí dígí kékeré kan níbì kan, ó ń wo ara rẹ̀, ó ní òun ti lé tíróò síwájú orí, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó yí ọmọ mẹ́ta padà kí n lè rí ẹ̀yìn ọrùn wọn. Kọ́là aṣọ funfun wọn ti di búlúù níbi tí báńdì ti ń fara kàn án.

Ọjọ́ márùn-ún ló kù. Owó iṣẹ́ sì ti wà lọ́wọ́ mi, ìdajì rẹ̀.

Mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti ìdí rẹ̀, torí àwọn tó ń bi mí léèrè bí a ṣe ń fi àgékù aṣọ ṣe ẹ̀ṣọ́ irun pọ̀, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Ọ̀fẹ́ ṣáà ni aṣọ rẹ̀."

Télọ̀ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Kútọ̀. Lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, àpò ìrẹsì méjì ni a máa ń ju àgékù sí. Kò sí télọ̀ tí kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Ó ń dun èèyàn láti dà á nù, kò sì sí àyè láti tọ́jú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń fi aṣọ kún ìrọ̀rí ló ń wá kó o, tàbí kí mẹkáníìkì wá bù nínú rẹ̀ láti fi nu ọwọ́. Àńkárá wà nínú rẹ̀, léèsì wà níbẹ̀, dámáàsìkì náà ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àdìrẹ ló pọ̀ jù. Abẹ́òkúta la wà. Àlejò tó wá gun Olúmọ kì í fẹ́ padà sílé láì gba ọjà àdìrẹ Ìtókù kọjá, yáàdì márùn-ún tó bá sì rà níbẹ̀, ọwọ́ télọ̀ kan ló ń bọ̀ sí.

Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ló dá a sílẹ̀, kì í ṣe èmi. Ó rán rọ́bà irun kan fún àbúrò rẹ̀ láti inú àpò yẹn ní ọjọ́ kan tí iṣẹ́ kò sí. Ó dára lójú mi. Mo ní kó rán mẹ́wàá. Wọ́n tà tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, láàárín àwọn oníbàárà tó kàn wá wọn aṣọ.

Iṣẹ́ náà kò le. Àgékù tó gùn tó ínǹṣì 20, tó fẹ̀ tó ínǹṣì 4, ti tó fún àgbàlagbà. Ti ọmọdé, ínǹṣì 15 lórí ínǹṣì 3 náà tó. A ó ṣẹ́ ẹ po kí ojú aṣọ dojú kọ ara wọn, a ó rán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gígùn, a ó wá fi píìnì yí i síta bí ẹni ń yí ìfun ewúrẹ́ padà. Píìnì yẹn náà ni a ó fi ki rọ́bà bọ inú rẹ̀, ínǹṣì 7 fún àgbà, ínǹṣì 5 fún ọmọdé. A ó so rọ́bà ní kókó méjì, a ó sì fi ọwọ́ rán ẹnu tó ṣẹ́kù pa. Bí àgékù kò bá gùn tó, a lè so mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀, ṣùgbọ́n bí oríkèé rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, aṣọ náà á le, kò ní sún jọ dáadáa. Mẹ́ta ni mo fi mọ.

Ọ̀rọ̀ rọ́bà ló kọ́kọ́ fún wa ní wàhálà, torí mo fẹ́ kí iyẹn náà jẹ́ ọ̀fẹ́. A gé tíúbù kẹ̀kẹ́ sí òrùka wẹ́wẹ́, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń di nǹkan. Ó lágbára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí aṣọ bá ti ṣí díẹ̀, á dì mọ́ irun, á sì fà á tu. Ọmọ tí a dán an wò lórí rẹ̀ sunkún. A tú rọ́bà inú yẹ̀rì àtijọ́, iyẹn ti kú kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ gígùn olóbìnrin tó ti ya, tí a gé ní ìbú kó di òrùka, òun ló dára jù nínú gbogbo ọ̀fẹ́ tí a dán wò: ó rọ̀, kì í fa irun. Ṣùgbọ́n mélòó nínú rẹ̀ la fẹ́ rí ní Abẹ́òkúta? Mo lọ ra rọ́bà tuntun, èyí tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́rin ínǹṣì, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ìdérí ìgò mínírà ni ohun kejì tí mo fẹ́ràn. Obìnrin tó ń ta ohun mímu lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kó wọn fún wa nínú ike. A ó sè wọ́n kí ọ̀rá àti ṣúgà kúrò lára wọn, a ó fi òòlù tẹ eyín wọn wọlé kó má baà gé ọmọ lọ́wọ́, a ó fi fóòmù díẹ̀ lé e lórí, a ó wá gé aṣọ róbótó tó fẹ̀ tó ínǹṣì 3, a ó fi abẹ́rẹ́ sá etí rẹ̀ yípo, a ó sì fa òwú náà kó gbá ìdérí mọ́ra. Tí àdìrẹ oníko, èyí tí wọ́n fi okùn so kí wọ́n tó re é láró, bá wà lórí rẹ̀, tí a sì gé e kí òbìrí funfun rẹ̀ bọ́ sí àárín gan-an, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé bọ́tìnì olówó ńlá ni. A máa ń rán an mọ́ báńdì ni, a kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń yọ́ láti inú ìbọn rẹ̀ dára nínú ilé. Ẹ gbé e sínú mọ́tò tí oòrùn ń pa ní Lafẹ́ńwá, kí ẹ padà wá wò ó bóyá ó ṣì dì mú.

Èyí ni iṣẹ́ tí tíṣà rí lórí àbúrò ọmọ iṣẹ́ mi tó fi wá bá wa. Ó fẹ́ báńdì kan, rọ́bà irun méjì, àti òdòdó ìdérí ìgò kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ méjìlélógójì. Mo pe ₦1,500, ó pe ₦700, a fẹnu kò sí ₦1,000. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé aṣọ kò ná mi ní kọ́bọ̀, nítorí náà èrè ni gbogbo rẹ̀.

Àgékù tó wà nílẹ̀ kò tó. Báńdì ń jẹ aṣọ ju rọ́bà irun lọ: iwájú rẹ̀ nìkan jẹ́ ínǹṣì 15, a sì ń ṣẹ́ ẹ po ni, nítorí náà ínǹṣì 4 àtààbọ̀ ni ìbú rẹ̀. Mo ránṣẹ́ sí télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rán aṣọ ẹgbẹ́ fún àwọn kan. Ó fún wa ní odindi ìdì kan, aró dúdú kirikiri, gbogbo rẹ̀ láti ara aṣọ kan náà. Inú wa dùn gan-an. A da gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti inú àpò.

Ẹ má rò pé a kò dán aṣọ wò. Mo mọ àdìrẹ. Mo ní kí wọ́n rẹ gbogbo àgékù náà sínú omi tútù tó ní iyọ̀, torí pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń ṣe, bẹ́ẹ̀ sì ni gbogbo èèyàn ń sọ: iyọ̀ ló ń mú aró dúró. A rẹ ẹ́ di ọjọ́ kejì. Omi náà mọ́ gaara, àfi bí omi ìrẹsì díẹ̀. A sá wọn, a lọ̀ wọ́n, a rán wọn. Ọjọ́ mẹ́fà la fi ṣe é.

Nígbà tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́bọ̀ yẹn pẹ̀lú báńdì méjìlélógójì nínú láílọ́ọ̀nù, mo tẹ́ wọn sórí tábìlì, mo sì ya mọ́kànlá tó ran àwọn ọmọ sọ́tọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ló kọ́kọ́ rí i. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wo ẹ̀yìn aṣọ wọn." Mẹ́sàn-án nínú mọ́kànlá wá láti inú ìdì aṣọ ẹgbẹ́ yẹn. Méjì tó kù jẹ́ àdìrẹ alábẹ́là aláwọ̀ ilẹ̀ láti inú àpò tiwa. Oníko àtijọ́ tó ti wà nínú àpò láti ọdún tó kọjá kò ran ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n báńdì tí a fi ìdì yẹn ṣe jẹ́ mẹ́rìnlá, márùn-ún nínú wọn kò sì ran ọmọ tó wọ̀ wọ́n. Kí ló dé?

Mo kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Ìtókù lọ́jọ́ Ẹtì láàárọ̀, lọ́dọ̀ màmá kan tó ti ń re aṣọ láró láti kékeré. Àwọn èékánná rẹ̀ kò funfun mọ́, bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn láti ìgbà tí mo ti ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú báńdì kan, ó fi imú fà á, ó fi àtàǹpàkò họ ọ́. Ó bi mí pé, "Kí lẹ fi dán an wò, ìyá télọ̀?" Mo ní omi àti iyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun mú òróró tí wọ́n fi ń para wá. Àdí àgbọn ni wọ́n mú wá. Ó kán an sórí àgékù tẹ́rù funfun, ó fi ra báńdì náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ó sì na tẹ́rù náà sí mi lójú. Búlúù.

"Omi ò lè sọ òtítọ́ aró fún yín," bẹ́ẹ̀ ló wí.

Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé, mo sì jókòó gbọ́. Aró ẹlú kì í yọ́ nínú omi lásán. Nínú ìkòkò àtijọ́, omi eérú ni wọ́n fi ń tọ́ ẹlú, tí yóò kan fún ọjọ́ mélòó kan kó tó lè wọ inú òwú. Lóde òní, kẹ́míkà méjì, kọ́sítíìkì àti hydrosulphite, ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó ti wù kó jẹ́, aṣọ kì í jáde ní búlúù. Ó máa ń jáde ní àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n, atẹ́gùn ló ń sọ ọ́ di búlúù níṣojú ẹni. Bí atẹ́gùn bá sì ti lù ú, omi kò tún lè tú u mọ́. Èyí tó ti wọ inú òwú ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn jókòó sórí aṣọ bí eruku, òun ni ìfọwọ́ra ń ká. Aṣọ tí wọ́n bá rì bọnú aró léraléra kó lè dúdú, tí wọ́n sì ń kánjú gbé lọ sọ́jà, eruku yẹn máa ń pọ̀ lára rẹ̀. Iyọ̀ kò ní nǹkan kan bá a ṣe. Ohun tó ń mú un kúrò ni kí a fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ aṣọ náà lẹ́yìn aró, ká fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́.

Mo bi í nípa márùn-ún tí kò ràn. Òun náà ló bi mí ní ìbéèrè padà: "Ṣé gbogbo àwọn ọmọ yẹn ló fi òróró para wá?" Mo pe tíṣà lórí fóònù níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Àwọn tí aró ràn mọ́ ni àwọn tí ìyá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun fún, tí iwájú orí wọn ń dán fún òróró. Méjì nínú àwọn márùn-ún tí kò ràn gé irun wọn mọ́lẹ̀. Oòrùn, òógùn, òróró, àti ijó: gbogbo ohun tí abọ́ omi iyọ̀ mi kò ní.

Ní ti alábẹ́là méjì yẹn, ó kàn yẹ àwọn náà wò lẹ́ẹ̀kan ni. Àbẹ́là kò tíì kúrò tán lára wọn. Nígbà tí wọ́n bá ti kùn ún sí aṣọ láti ya àwòrán, omi gbígbóná ló yẹ kó yọ́ ọ kúrò lẹ́yìn aró, bí ó bá sì ṣẹ́kù, á mú eruku aró dání sínú ara rẹ̀. Ooru orí ọmọ á wá mú un rọ̀. Níbi tí mo ti ń gbọ́ èyí ni ọmọ iṣẹ́ mi kékeré tó bá mi lọ ti wo ilẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ ń lẹ̀ mọ́ aṣọ yẹn nígbà tí òun ń rán an, òun rò pé maṣíìnì ló fẹ́ epo. Mo fẹ́ bínú. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo lọ aṣọ yẹn, mo rí àmì ọ̀rá tó jáde lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, mo sì gbójú kúrò.

Màmá náà kò jẹ́ kí n dá télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́bi, kò sì jẹ́ kí n bú ẹni tó re aṣọ yẹn. Ó ní ẹjọ́ aró tó ń yọ ti pẹ́ ní Ẹ̀gbá. Òótọ́ ló sọ. Láyé Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, nígbà tí ọjà àdìrẹ ń ṣubú, tí àwọn oníbàárà ń ráhùn pé aṣọ kò dára mọ́, wọ́n fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Ní 1936, àwọn obìnrin aláró ta ko òfin náà, torí pé kọ́sítíìkì ti di ara iṣẹ́ wọn. Mo ti gbọ́ ìtàn yẹn rí, n kò kàn mọ̀ pé orí iwájú orí ọmọ ọlọ́mọ ni yóò ti kàn mí.

Kò sí àkókò fún ìtàn mọ́ ṣá. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ Ajé ni mo gbọ́dọ̀ kó ẹrù padà.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n da gbogbo rẹ̀ nù, kí n ra Àńkárá yáàdì mẹ́fà. Télọ̀ kan tó wọlé bá wa ní ìrọ̀lẹ́ yẹn sọ bẹ́ẹ̀ náà: ilé iṣẹ́ ńlá ló ń tẹ Àńkárá, kì í ràn báyìí. Kò parọ́. Ṣùgbọ́n tíṣà ti sọ fún àwọn òbí pé àdìrẹ ni, ijó tí àwọn ọmọ náà sì fẹ́ jó, ìtàn Ẹ̀gbá ni. Báńdì Àńkárá lórí rẹ̀? Ojú á tì mí.

A tú gbogbo báńdì méjìlélógójì, kì í ṣe mọ́kànlá nìkan. Rọ́bà la kọ́kọ́ yọ, torí omi gbígbóná ń pa rọ́bà, ohun tí à bá sì fi gbà lọ́wọ́ aró, à bá fi sọnù sọ́wọ́ rọ́bà. A gbé ìkòkò ńlá kaná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, a bu ọṣẹ sí i, a ko aṣọ sínú rẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, ìdì dúdú lọ́tọ̀, àwọn tó kù lọ́tọ̀. Omi ìdì dúdú àkọ́kọ́ dà bí táwà. A dà á nù. Èkejì, búlúù. Ẹ̀kẹta, búlúù díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ni mo tó lè rí ìsàlẹ̀ ìkòkò. Alábẹ́là, a kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sáàárín pépà ìwé ìròyìn, a sì fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí pépà náà kò fi mu ọ̀rá mọ́, kó tó wọ ìkòkò.

Nígbà tí wọ́n gbẹ, mo gbé òfin tuntun kalẹ̀. Aṣọ ìnujú funfun kan, àgékù kan. Ra á ní gbígbẹ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ra á pẹ̀lú omi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ra á pẹ̀lú àdí àgbọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tí àwọ̀ bá hàn, ó kúrò. Kì í ṣe pé a ó dán ọ̀kan wò ká fi dá gbogbo ìdì lẹ́jọ́, torí iyẹn ni a ṣe tẹ́lẹ̀. Lára mẹ́rìnlá tó wá láti inú ìdì dúdú, mẹ́fà ló yè. Alábẹ́là méjèèjì kò yè. Mo fi oníko àtijọ́ inú àpò rọ́pò àwọn tó kúrò, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó. Ọ̀kan nínú wọn, ìkángun rẹ̀ ni mo gé láti ara ìborùn tèmi.

Mo tún fi nǹkan kan kún un tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Inú báńdì kọ̀ọ̀kan, ní apá tó ń kan awọ ara, mo rán láínì dúdú rírọ̀ sí i, òwú gidi. Mo dá a mọ̀ lójú iná kí n tó rà á: mo tú fọ́nrán díẹ̀ lára rẹ̀, mo sun ún. Òwú ń jó bíi pépà, òórùn rẹ̀ dà bí ti pépà, eérú rẹ̀ rọ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá rọ́bà hun máa ń yọ́, á sì ká jọ di kókó líle. Orí ọmọ tó ń làágùn kò nílò irú ìkejì yẹn. (Ohun kan náà ló fà á tí a fi lè fi iná àbẹ́là pa etí rìbọ́nù tó ń dán kó má baà tú, tí a kò sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún àdìrẹ. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ti gbìyànjú rẹ̀ rí. Etí tábìlì mi ṣì ní àmì rẹ̀.)

Ẹ lè béèrè nípa rọ́bà irun mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tó bá báńdì lọ. Kò sẹ́ni tó ráhùn nípa wọn. Mo ra ọ̀kan nínú wọn pẹ̀lú òróró, búlúù jáde bí i ti báńdì. Irun dúdú ló bá wa bo àṣírí. A tú àwọn náà. Èyí ló gbà wá ní alẹ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi, kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo, mo sì ń ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà fún àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n má baà sùn sórí abẹ́rẹ́.

Kọ́là mẹ́ta náà ń bẹ lọ́rùn mi. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ṣe díẹ̀. Bílíìṣì tí a pò mọ́ omi ló parí iṣẹ́ lára méjì, aró náà parẹ́ lójú mi. Ẹ̀kẹta kì í ṣe òwú gidi, gọ́ọ̀mù-sítéè, aṣọ inú tó ń mú kọ́là le, sì wà nínú kọ́là rẹ̀. Búlúù kúrò, ó di pupa rúsúrúsú bí eyín ẹni tó ń fa tábà. N kò fi pamọ́. Mo pe ìyá ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo tú kọ́là yẹn, mo sì gé òmíràn. Aṣọ funfun tó bá tirẹ̀ mu kò sí lọ́wọ́ mi, nítorí náà mo bi í bóyá ó lè jẹ́ àdìrẹ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ìyá télọ̀, ṣé èyí ò ní ràn?" Ó tọ́ kó béèrè. Mo gbé aṣọ ìnujú àti òróró lọ sílé wọn.

Ìṣirò owó rẹ̀ nìyí, bó ṣe wà nínú ìwé mi. ₦42,000 ni a gbà. Rọ́bà, òwú ìránṣọ àti fóòmù jẹ ₦9,500. Bí kò bá sí wàhálà, tí mo bá sì ti fún àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì ní ₦5,000 kọ̀ọ̀kan, ₦22,500 ni ì bá kù sọ́wọ́ mi. Láínì tí n kò rò tẹ́lẹ̀ jẹ́ ₦4,800. Ọṣẹ àti èédú, ₦2,300. Bílíìṣì, ₦700. Ọ̀kadà síwá sẹ́yìn, ₦2,400. Búrẹ́dì, ẹ̀wà àti epo jẹnẹrétọ̀, ₦5,600. Ó di ₦15,800 lórí aṣọ tí n kò rà. Mo san owó àwọn ọmọ iṣẹ́ pé, ₦6,700 ló kù. N kò ka alẹ́ mẹ́ta tí n kò sùn sí i.

Àpò ìrẹsì méjì ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe àpò mọ́ gan-an. Mo ti pín wọn sí láílọ́ọ̀nù kéékèèké, mo sì kọ ọ́ sí ara ọ̀kọ̀ọ̀kan ibi tí aṣọ ti wá. Èyí tí n kò bá mọ orírun rẹ̀ ń lọ sí ìkòkò kó tó lọ sí sísọ́ọ̀sì. Télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi tún fi ìdì kan ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá. Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì gbé omi kaná.

Ní ọjọ́ 27, mo lọ wo ijó náà. Oòrùn mú ju ti Ọjọ́bọ̀ yẹn lọ. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ ìnujú funfun nínú àpamọ́wọ́, n kò gbọ́ orin, n kò mọ ìgbésẹ̀ tí wọ́n gbé. Iwájú orí nìkan ni mo ń wò. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, mo pe ọmọ tó sọ pé òun lé tíróò lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, mo tú etí báńdì rẹ̀ sókè, mo fi aṣọ ìnujú náà nù ún láti etí kan dé èkejì. Òógùn, òróró, àti nǹkan funfun kan tó lẹ̀ mọ́ ọn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lójú oòrùn dáadáa, mo wá búlúù títí.

Ọmọ náà fajú ro. "Mọ́mì," ó ní, "ẹ ti nu àtíkè mi kúrò."